Òdo Tó Wà Lórí Òkè-Ẹfọ̀n

“Pa á rẹ́,” ni Ọ̀gá Stephen wí, ó fi ìdí bírò kan ojú kọ̀ǹpútà. “Àṣìṣe nìyẹn. Òkè ló tan ẹ̀rọ jẹ.”

Adéòkè kò pa á rẹ́. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì, ó kó méjèèjì sábẹ́ tábìlì bí ọmọdé tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan ẹran inú ọbẹ̀. Ohun tí àwọn méjèèjì ń wò kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Lórí máàpù tó wà níwájú wọn, ibi tí kò bá sí igi a máa pọ́n bí erùpẹ̀. Ibi tí igi bá wà á ní àwọ̀ ewé, bí igi náà bá sì ṣe ga tó ni àwọ̀ ewé rẹ̀ á ṣe dúdú tó. Ilẹ̀ pupa ló yí èékánná yìí ká, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ dúdú minimini. Orí Òkè-Ẹfọ̀n ni, láàrin àwọn abúlé Ọ̀wọ́rọ̀, ìrìn wákàtí kan ààbọ̀ sí Lọ́kọ́ja. Ẹ̀rọ ní igbó ibẹ̀ ga tó mítà méjìdínlógójì. Kí èèyàn mú ilé alájà mẹ́ta, kó to mẹ́rin irú rẹ̀ lérí ara wọn, ibẹ̀ ló máa dé.

“Sà, òkè pọ̀ ní Kogi. Kí ló dé tí àwọn yòókù kò tan ẹ̀rọ jẹ?”

“Ìwé ńkọ́?” Ọ̀gá Stephen na ọwọ́ sí rẹ́gísítà àtijọ́ ti iléeṣẹ́ igbó tó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì. “Òkè-Ẹfọ̀n, gíga igi: òdo. Èèyàn ẹlẹ́ran ara ló gun ibẹ̀ lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, òun ló sì kọ òdo. Ẹ̀rọ tó wà lójú ọ̀run ló wá ń sọ fún mi pé igbó kìjikìji ló wà níbẹ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́?”

Ẹ má bínú sí Ọ̀gá Stephen o. Èèyàn dáadáa ni, ọmọ Kàbà tí kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, tí kì í sì í jẹ ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo tó ń bà á lẹ́rù láyé yìí ni kí wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìpàdé. Lọ́dún méjì sẹ́yìn ló gbé máàpù kan lọ síwájú àwọn ọ̀gá, àṣé igbó ńlá kan wà lórí máàpù náà láàrin gbùngbùn Odò Ọya. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Láti ọjọ́ náà ni àwọn kan ti ń pè é ní Igbó-Inú-Omi, bí wọ́n bá ti rí i pé ó ti kọjá lọ.

Ìpàdé tó ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ sì wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbìmọ̀ kan fẹ́ pín àwọn ilẹ̀ tí kò sí nǹkan kan lórí wọn fún àwọn tó ń fọ́ òkúta. Ọ̀gá Stephen ni yóò gbé orúkọ àwọn ilẹ̀ náà wá. Orúkọ tí kò bá sí lórí ìwé rẹ̀, ìgbìmọ̀ kò lè pín in. Gbogbo ibi tí rẹ́gísítà bá ti kọ òdo ló wà lórí ìwé náà, Òkè-Ẹfọ̀n sì ni ìkẹta. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí i lọ́jọ́bọ̀, kí òjò ọdún yìí tó dá, katapílà á ti gorí òkè.

Adéòkè kì í ṣe ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀. Ìjùmú ni wọ́n bí i sí, lábẹ́ òkè. Nígbà tó wà ní kékeré, bí ìyá rẹ̀ bá rán an lọ pọnmi, á dúró sójú ọ̀nà, á ké “Òòò” sí òkè, á sì dákẹ́ títí ohùn náà á fi padà wá bá a. Ó máa ń fi bí ó ṣe pẹ́ tó mọ bí òkè náà ṣe jìnnà tó. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yìí fi wọ̀ ọ́ lára. Satẹ́láìtì tí wọ́n fi ya máàpù yìí náà, igbe ló ń ké. Láti ibi tó ga fíìfíì ju ọ̀nà bàálù lọ ló ti ń rán ìgbì kan tí ojú kò lè rí wá sílẹ̀. Ìkùukùu kì í dí ìgbì yẹn lọ́nà, òkùnkùn kì í dá a dúró. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á kan orí igi, á padà. Díẹ̀ á yọ́ gba àárín ewé kọjá, á kan ilẹ̀, á padà. Èyí tó kan ilẹ̀ á pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Nínú pípẹ́ díẹ̀ yẹn, tí kò tó ìpajúpẹ́, ni wọ́n ti ń mọ gíga igbó odindi orílẹ̀-èdè. Adéòkè ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́rin, síbẹ̀ kò tíì sú u. Nígbà mìíràn tó bá ronú kàn án, ara rẹ̀ á bù máṣọ.

“Ẹ fún mi di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, sà.”

“Láti ṣe kí ni?”

“Kí n lọ fojú ara mi rí i.”

Ọ̀gá Stephen wò ó títí. “Ojú nìkan kò tó. Gbé téèpù lọ. Iye mítà tí ọwọ́ èèyàn wọ̀n ni kó o mú bọ̀. Tí mi ò bá rí i kí aago mẹ́jọ tó lù, èmi fúnra mi ni màá pa á rẹ́.”

Kí Adéòkè tó pa rẹ́gísítà dé, ó wo ẹni tó fọwọ́ sí abẹ́ òdo náà. Bàbá Obed ni. Bàbá yìí ló kọ́ ọ níṣẹ́ igbó, kó tó di pé ó bọ́ sídìí máàpù. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró lábẹ́ igi tí igi kò fi ní tan èèyàn jẹ. Bí ẹ̀rọ bá ń sọ òótọ́, a jẹ́ pé Bàbá Obed purọ́. Bí Bàbá Obed bá sì sọ òótọ́, a jẹ́ pé ọdún mẹ́rin ni òun ti ń fọkàn tán ẹ̀rọ tó ń purọ́. Kò mọ èyí tó máa dùn ún jù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí àdúgbò Kabawa ní Lọ́kọ́ja. Bàbá Obed ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ láti bí ọdún mẹ́fà. Iwájú ilé ló wà, ó ń fá àpótí ìjókòó kan pẹ̀lú ránńdà tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, èèhá igi sì bo gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá.”

“Òkun o, ọmọ mi,” ni bàbá náà fi ìkíni ilé wọn dá a lóhùn. Ó wò ó látòkè dé ilẹ̀. “Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni òní. O kì í wá sọ́dọ̀ mi ní Ìṣẹ́gun. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

Adéòkè ṣí àpò. Ó fi ẹ̀dà ojú ewé rẹ́gísítà náà lé e lọ́wọ́. Bàbá náà gbé e jìnnà sójú, ó tún fà á mọ́ra, ó rí orúkọ òkè, ó rí òdo, ó rí orúkọ ara rẹ̀.

“Ta ló ń béèrè eléyìí?”

“Satẹ́láìtì ni, bàbá. Ó ní igbó wà níbẹ̀.”

Bàbá Obed rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú ẹ̀rín ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò. Ó gbé ránńdà sílẹ̀.

“Igbó wà níbẹ̀. Mo gun òkè náà, mo dé ibẹ̀, mo ṣí fìlà. Ogún ọdún ó lé ni mo ti fi ń wọnú igbó nígbà yẹn, mi ò ṣí fìlà fún igi rí.”

“Ẹ wá kọ òdo.”

“Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Jókòó.” Ó fi ẹsẹ̀ gbá èèhá igi kúrò lórí ẹní kan fún un. “Mo ti yọ téèpù. Bí mo ṣe fẹ́ nà án láti ìdí igi àkọ́kọ́, obìnrin kan di ọwọ́ mi mú. Kò pariwo. Ó ní, ‘Ta ló kú?’ Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Ó ní, ‘Kí lẹ wá ń wọn èèyàn fún?’”

“Èèyàn kẹ̀?”

“Orí òkè yẹn ni àwọn baba wọn tẹ̀dó sí láyé ogun. Nígbà tí ayé rọ̀, wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá sẹ́bàá ọ̀nà. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí wọ́n bá bí ọmọ, wọ́n á gbé ìwọ́ rẹ̀ gun òkè, wọ́n á rì í mọ́ ìdí igi kékeré kan. Igi yẹn ti di ọmọ náà nìyẹn. Kì í ṣe àfijọ lójú tiwọn, ọmọ náà gan-an ni. Tí o bá wọn gíga rẹ̀ nígbà tó ṣì wà láyé, kí lo ń bá a ṣe?”

Adéòkè fà súnmọ́ ọn lórí ẹní.

“Ọmọ káfíńtà ni mí,” ni Bàbá Obed tún wí. “Télọ̀ ń wọn àyà, ó ń wọn ìbàdí. Látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, káfíńtà tó fẹ́ kan pósí nìkan ló ń wọ̀n ọ́n, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni. Tá a bá fi téèpù wọn ara wa ṣeré nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, ìgbátí ló máa ń fi dá wa lóhùn. Nígbà tí obìnrin yẹn di ọwọ́ mi mú, ṣe ni mo tún gbọ́ ìró ìgbátí náà. Mo ká téèpù mi.”

“Kí ló dé tí ẹ ò fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, bàbá?”

“Láyé ìgbà yẹn, fọ́ọ̀mù tó bá ní àlàfo, wọ́n á dá a padà ni. Tí ó bá padà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á rán ẹlòmíràn lọ. Ẹlòmíràn yẹn lè má jẹ́ ọmọ káfíńtà.” Ó na ìka sí òdo inú ìwé náà. “Mo wá rò ó pé, ta ni yóò gbé ayùn lọ síbi tí ìjọba ti sọ pé kò sí igi? Mo fi bò wọ́n ni. Ó sì bò wọ́n fún ọdún mọ́kànlá gbáko.”

Adéòkè wá sọ fún un nípa ìgbìmọ̀, nípa àwọn afọ́kùúta àti nípa Ọjọ́bọ̀. Kí ó tó sọ ọ́ tán, ojú bàbá náà ti yí padà. Ó mú ránńdà, ó tún gbé e sílẹ̀.

“Igi ni mo rò pé wọ́n lè tìtorí rẹ̀ wá síbẹ̀,” ló wí. “Mi ò mọ̀ pé wọ́n lè tìtorí òdo wá.”

Àánú rẹ̀ ṣe Adéòkè débi pé kò lè bá a wí. Nígbà tó dìde láti máa lọ, bàbá náà kò sìn ín sọ́nà bó ṣe máa ń ṣe. Ó kàn jókòó síbẹ̀, ó tẹjú mọ́ ìwé náà.

Ní Ọjọ́rú, kí oòrùn tó mú, ọ̀kadà ti gbé Adéòkè dé Òkè-Ẹfọ̀n. Òkè-Ẹfọ̀n kò sí lórí òkè mọ́ o. Ìsàlẹ̀ ni ilé wọn wà báyìí, orúkọ nìkan ni wọ́n rù sọ̀kalẹ̀. Àwọn èèyàn ń yan gààrí lẹ́bàá ọ̀nà. Mọ́sáláṣí kékeré àti ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kọjú síra wọn, òkè ńlá náà sì dúró lẹ́yìn gbogbo wọn. Láti ìsàlẹ̀, òkúta nìkan lèèyàn ń rí. Igbó tó wà lórí rẹ̀ fara pamọ́ sẹ́yìn òkúta, bí ẹni tó jókòó sẹ́yìn ògiri.

Baálẹ̀ Abdulrahman gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó bu omi fún un. Ṣùgbọ́n bó ti rí téèpù tó yọrí jáde nínú àpò rẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, ẹ tì í wọlé. A mọ nǹkan yẹn.”

Adéòkè tì í wọlé. Ó wá ṣí máàpù sílẹ̀ lórí ẹní, ó ṣàlàyé ohun gbogbo láìfi ọ̀kan pamọ́: òdo, òkúta, katapílà, aago mẹ́jọ. Àwọn àgbà mẹ́rin kan wà níbẹ̀, àti obìnrin arúgbó kan tó ń fẹ́ ìyàngbò kúrò nínú ẹ̀wà nítòsí, tí kò gbójú sókè. Baálẹ̀ gbé ìka sórí ibi dúdú minimini náà, kò gbé e kúrò.

“Ta ló ya èyí?”

“Ẹ̀rọ ni, bàbá. Ojú ọ̀run ló wà.”

“Kò sì wá síbí?”

“Kò wá síbí rí.”

Baálẹ̀ mi orí. “A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tá a bá ní kẹ́ ẹ wọn àwọn èèyàn wa, ọwọ́ ara wa la fi pe ikú wọlé. Tá a bá ní kẹ́ ẹ má wọ̀n wọ́n, katapílà á gorí ìwọ́ gbogbo wa. Ewo la ó ṣe nínú méjèèjì?”

Adéòkè wo máàpù. Ó ti gbára dì fún ìbínú, ó ti gbára dì kí wọ́n lé òun. Kò gbára dì kí wọ́n bi òun léèrè. Ìró ẹ̀wà nínú igbá nìkan ló kù.

“Ẹ jẹ́ ó wọn Sàláhúdéènì.”

Obìnrin arúgbó náà ló sọ̀rọ̀. Àbẹ̀ní lorúkọ rẹ̀. Kò tíì gbójú sókè.

“Ọdún kejì rèé tí ọkọ mi ti lọ,” ló ń bá a lọ. “Baálẹ̀, ọwọ́ yín lẹ fi mú ọ̀pá tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀. Kí ló kù tá à ń fi pamọ́ nípa gíga rẹ̀? Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Igi ẹni tí wọ́n ti wọ̀n, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n.”

Àwọn àgbà wo ara wọn. Onígbàgbọ́ wà nínú wọn, Mùsùlùmí wà nínú wọn, kò sì sí ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n ń wọn èèyàn.

“Igi òkú nìkan,” ni Baálẹ̀ wí.

“Igi òkú nìkan,” ni Adéòkè tún un wí.

Màmá Àbẹ̀ní fúnra rẹ̀ ló mú un gòkè. Obìnrin náà á ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ Adéòkè ló ń mí hẹlẹ hẹlẹ. Òkúta gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n gba àárín àpáta méjì kan kọjá, ooru sì dúró níbẹ̀, kò bá wọn wọlé.

Adéòkè dá ẹsẹ̀ dúró. Kò lè ṣe nǹkan mìíràn. Àwọn igi náà gòkè, wọ́n gòkè, wọ́n sì tún gòkè, títí ọrùn fi ń dùn ún kó tó rí ibi tí ẹ̀ka wọn ti bẹ̀rẹ̀. Gbòǹgbò àràbà kan dúró bí ògiri, ó ga ju orí rẹ̀ lọ. Ìrókò wà níbẹ̀, ọ̀gànwó wà níbẹ̀, àfàrà pọ̀ níbẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Láàrin wọn, ìpìlẹ̀ ilé àtijọ́ ṣì hàn. Ọlọ wà lórí ilẹ̀, ewé ti kún inú rẹ̀. Ẹyẹ kan ké lókè, ohùn rẹ̀ sì dún bí ohun tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ sì dùn lẹ́ẹ̀kan náà, kò mọ èyí tó ṣíwájú. Ibi tó ti ń wò bí èékánná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Ó ronú nípa ìgbì tó ń wá láti ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí, tó ń fara kan àwọn ewé wọ̀nyí lọ́jọ́ méjìlá méjìlá, tó ń yọ́ gba àárín wọn dé orí ọlọ yìí, tó sì ń padà lọ ròyìn, tí ewé kan kò sì mì. Omi lé sí i lójú. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó rí i pé ohùn jẹ́jẹ́ lòun fi ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tó wọ yàrá tí ọmọ ń sùn sí.

“Mélòó ni wọ́n, mà?”

Màmá Àbẹ̀ní wò ó.

“Ẹ má bínú, mà,” ni Adéòkè wí kíá. “Mi ò béèrè mọ́.”

Màmá náà gbé ọwọ́ lé àfàrà kan tó gún ṣánṣán, tí kò ní kókó kankan lára. “Sàláhúdéènì, àlejò dé. Ó fẹ́ mọ bó o ṣe ga tó.” Ó yíjú sí Adéòkè. “Èèyàn kúkúrú ni láyé rẹ̀. Èjìká mi ló mọ. Tí wọ́n bá ti fi gíga rẹ̀ ṣe é ní yẹ̀yẹ́, á ní kí wọ́n lọ wo òun lórí òkè.” Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara igi náà pẹ́pẹ́. “Òótọ́ lo sọ, bàbá.”

Adéòkè na téèpù láti ìdí igi dé ọgbọ̀n mítà. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo orí igi sójú, ó wo òkè, ó wo ìdí, ó ṣírò. Mọ́kàndínlógójì. Ó lọ sí òdì kejì, ó tún un ṣe bí Bàbá Obed ti kọ́ ọ. Mọ́kàndínlógójì. Ó ṣí máàpù lórí fóònù rẹ̀, ó wá ojú ibi tí wọ́n dúró sí. Méjìdínlógójì ni ẹ̀rọ kọ. Ó jókòó lórí gbòǹgbò.

“Ṣé ó ga tó?” ni Màmá Àbẹ̀ní béèrè.

“Ó ga gan-an, mà.”

“Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí rẹ̀.”

Igi méje ni wọ́n wọ̀n lọ́jọ́ náà. Màmá Àbẹ̀ní pe ẹni kọ̀ọ̀kan lórúkọ, ó kí i, ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi ti alààyè, wọ́n rọra yà fún un, wọn kò sì jẹ́ kí téèpù wọ́ gba orí gbòǹgbò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà síbi tí Adéòkè gbé àpò sí, màmá náà dúró ti àfàrà mìíràn tí kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ti ọkọ rẹ̀.

“Tèmi rèé. Nítorí pé wọ́n ri ìwọ́ wa nítòsí ara wọn, láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní ìyàwó rẹ̀. Mo bá wọn jà títí.” Ó na ìka sókè. “Ẹ̀rọ yín tó wà lókè yẹn, ó ti wọn tèmi, àbí?”

Ọ̀rọ̀ náà bá Adéòkè lójijì. Irọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, irọ́ tútù, tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ó rántí òdo Bàbá Obed, ó gbé irọ́ náà mì.

“Kì í wo igi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mà. Ó jìnnà sí wa jù. Ojú ilẹ̀ ló ń wò, bí ibi tí ilé mẹ́ta lè gbà. Gbogbo ohun tó bá wà lójú ilẹ̀ yẹn, á pa wọ́n pọ̀, á sọ bí wọ́n ṣe ga tó.”

“Èmi àti Sàláhúdéènì ńkọ́?”

Adéòkè wo fóònù lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó dáhùn. “Ojú kan náà lẹ wà.”

“Òkú àti alààyè?”

“Kò mọ ìyàtọ̀, mà.”

“Iye mélòó ló wá kọ fún wa?”

“Ọ̀kan ṣoṣo.”

Màmá Àbẹ̀ní gbójú sókè síbi tí orí àfàrà méjèèjì ti wọnú ara wọn, tí èèyàn kò lè mọ ewé ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ọ̀nà jíjìn ni Odò Ọya ti ń dán láàrin ewé.

“Kò wọ̀n wá nígbà náà,” ló wí. “Ó kàn rí wa pọ̀ ni.” Ó tún ìró ró. “Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀.”

Kí aago mẹ́jọ tó lù lọ́jọ́bọ̀, Adéòkè ti dé ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n Bàbá Obed ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ àtijọ́ ló wọ̀, kakí tó ti ṣá, ó fi fìlà bo orí, ó jókòó gbọnrangandan níwájú Ọ̀gá Stephen. Ìwé kan wà lórí tábìlì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òdo tí òun kọ sí Òkè-Ẹfọ̀n kì í ṣe òdo, pé òun kò wọn nǹkan kan níbẹ̀, pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fẹ́ bá wí, òun ni kí wọ́n bá wí.

Ọ̀gá Stephen kò tíì dá a lóhùn. Ó na ọwọ́ sí Adéòkè, ó gba ìwé tirẹ̀.

“Igi méje péré? Ọgbọ̀n ni fọ́ọ̀mù ń béèrè.”

“Àwọn yòókù ṣì wà láyé, sà.”

Ọ̀gá Stephen wò ó, ó yíjú wo Bàbá Obed. Bàbá Obed gbójú sókè, ó ń wo àjà. Adéòkè wá ṣàlàyé, ó sọ ohun gbogbo láti orí ìwọ́ dé orí ọ̀pá. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ọ̀gá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé iye tí ọwọ́ wọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ iye tí ẹ̀rọ kọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n síta, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Mọ́kàndínlógójì, méjìdínlógójì. Ogójì, mọ́kànlélógójì. Bó ṣe ń kà á lọ ni ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ sí i. Kò sí ọ̀kan nínú méjèèje tí ìyàtọ̀ rẹ̀ ju mítà méjì lọ. Nígbà tó dé orí ìkeje, ó yọ awò ojú, ó nù ún, kò sì tètè wọ̀ ọ́ padà.

“Láti ojú ọ̀run,” ló wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Wọ́n á tún rán mi létí Igbó-Inú-Omi.”

Ojú ti Adéòkè. Kò mọ̀ pé ọ̀gá òun mọ orúkọ náà.

“Kí wọ́n rán mi létí,” ni Ọ̀gá Stephen wí. “Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, màá mú un gun òkè.” Ó fa ìwé ìgbìmọ̀ mọ́ra, ó fi bírò pupa fa ìlà gba orí Òkè-Ẹfọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ìwé Bàbá Obed há àárín rẹ́gísítà, sí ojú ewé tí òdo wà. Kò bá a wí.

Bàbá Obed mí kanlẹ̀.

“Ó ku nǹkan kan,” ni ọ̀gá náà tún wí, ó yíjú sí kọ̀ǹpútà. “Bẹ̀rẹ̀ láti orí ti Sàláhúdéènì yìí. Ọwọ́ rí mọ́kàndínlógójì, ẹ̀rọ rí méjìdínlógójì. Fi ti ọwọ́ rọ́pò ti ẹ̀rọ, kí ibẹ̀ lè gún.”

Adéòkè jókòó, ó gbé ọwọ́ lé máòsì. Ó fa máàpù náà súnmọ́ra títí ojú ilẹ̀ kékeré kan ṣoṣo, dúdú minimini, fi gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ kúrò.

“Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀, sà.”

“Kí ló dé?”

“Èèyàn méjì ló wà níbẹ̀.”

Ọ̀gá Stephen kò bi í léèrè mọ́. Lẹ́yìn wọn, lórí àga, Bàbá Obed ṣí fìlà.